Ọmọ Ogun Tó Mọ Ará Ilé

Ka Gálátíà 5:13-15



Bí ọmọ bá ní egbò lẹ́sẹ̀, kókó kan lè wú lókè itan rẹ̀. Ìyá àgbà á ní egbò ló fà á. Òótọ́ ni. Inú kókó yẹn ni àwọn ọmọ ogun ara ti ń péjọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kòkòrò àrùn hàn wọ́n kí wọ́n lè bá a jà.

Àmọ́ kókó yìí ní iṣẹ́ mìíràn. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi àmì ẹ̀yà ara wa fúnra rẹ̀ han àwọn ọmọ ogun, bí ẹni ń sọ pé: "Ti ilé nìyí o, ẹ má fọwọ́ kàn án." Ọmọ ogun tó bá ṣì fẹ́ bá ará ilé jà, wọ́n lè pa á tàbí kí wọ́n gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1995, Shimon Sakaguchi ará Japan fi hàn pé àwọn ọmọ ogun kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dá àwọn yòókù lẹ́kun. Ní 2025, òun, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí ìdálẹ́kun bá ti kùnà, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Irú àtọ̀gbẹ kan tó sábà máa ń mú ọmọdé, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń wá: ọmọ ogun ara ló ba ibi tí insulin ti ń jáde jẹ́.

Ẹnìkan á ní, "Ajíhìnrere, ṣé ká wá gba ẹ̀ṣẹ̀ láyè ni?" Rárá o. Kókó kan náà ló ń kọ́ wọn ní ogun, òun náà ló ń kọ́ wọn ní ìfaradà. Ara tí kò lè jà, àrùn á pa á. Ara tí kò mọ ẹni tí kò yẹ kó bá jà, á pa ara rẹ̀.

Ní Àkókó níbí, ẹbí kan náà ló ń bí oníṣọ́ọ̀ṣì àti onímọ́ṣáláṣí, a sì jọ ń jẹ ẹran Iléyá. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ọmọbìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa tó lóyún láìtíì ṣègbéyàwó ni a ò lè wò lójú? A ní kó lọ jókòó lẹ́yìn, a sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, kò wá mọ́. Egbò la fẹ́ wò, ẹsẹ̀ la gé.

Ẹ̀kọ́ inú kókó yẹn kì í tán, ojoojúmọ́ ni. Tiwa náà, òwúrọ̀ yìí ni. Ta ni o lé jáde tó jẹ́ ará ilé? Pè é lónìí.

Àdúrà: Olúwa, kọ́ mi láti bá ẹ̀ṣẹ̀ jà láì pa arákùnrin àti arábìnrin mi lára. Ní orúkọ Jésù. Àmín.