Ogún Inú Àpótí

Ogún kì í ṣe ilẹ̀ àti ilé nìkan. Bí bàbá àgbà bá fi kámẹ́rà Brownie D sílẹ̀, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ má ṣe jù ú sí ààtàn nítorí pé ó dípẹtà. Irú rẹ̀ ni olóògbé J. D. 'Okhai Ojeikere rà ní 1950. Òun ni ó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí irun dídì àti gèlè àwọn obìnrin wa fi wà nínú àwòrán títí di òní.

Ṣùgbọ́n kí a tó ṣí i, ẹ jẹ́ kí a rántí pé fíìmù tí bàbá kò rí fọ̀ lè wà nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó láti pa àwòrán àwọn tí ó ti sùn rẹ́ ráúráú! Inú òkùnkùn biribiri ni kí a ti yọ ọ́, kí a gbé e fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fọ̀. Lẹ́yìn náà kí a fi aṣọ rírọ̀ nu dígí rẹ̀. Kodak kò ṣe fíìmù 620 mọ́ láti 1995. 120 tí à ń rí rà fẹ̀ bákan náà, a ó sì tún un ká, nínú òkùnkùn, sórí irin kékeré ti àtijọ́.

Ìránṣẹ́ tí ó ri tálẹ́ńtì mọ́lẹ̀ kò bà á jẹ́. Síbẹ̀ olúwa rẹ̀ bínú. Àwòrán 8 ni fíìmù kan ń gbà. Ẹ fi èkínní ya màmá àgbà nínú oòrùn ìta, nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.