Ẹ̀tọ́ Ọ̀nà: Nígbà Tí Ará Èkó Bá Padà Sí Abúlé

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí ó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ, tí ó sì la ọ̀nà sí i fún àwa ẹ̀dá láti máa rìn. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a páyà Ọlọ́hun, àní lórí ọ̀nà oko.

Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróò ti fò sókè ní ọdún 2023, tí apá ẹni tí ó fẹ̀yìn tì kò sì ká owó ilé ní Èkó mọ́, a ti ń rí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń padà sí àwọn abúlé agbègbè Ìwó yìí. A yọ̀ sí i, nítorí ìlà ìrun wa ti gùn sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n kó ìwà kan bọ̀, èyí tí àwa náà kó bọ̀ nígbà tiwa. Ní Èkó, ẹni tí ó bá ń kí gbogbo ẹni tí ó bá pàdé láti Òṣòdì dé Mushin kò ní í dé ibi iṣẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a dé abúlé, a kọjá lára bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń kọ ebè lẹ́bàá ọ̀nà, a kò sọ nǹkan kan. Bàbá dúró, ó fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó ní, “Aáfà, ṣé kò sí o? Àbí ẹnìkan kú?” Ojú tì wá. “Àroko bọ́dún dé” ni ó yẹ kí ó ti ẹnu wa jáde. Ànábì sì ti kọ́ wa pé ẹni tí ó gun nǹkan ni yóò kí ẹni tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tí ó ń rìn ni yóò kí ẹni tí ó jókòó. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, tiyín rèé.

Ìkíni rọrùn láti kọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó le ni ti ògiri. Ọkùnrin kan tí ó ti Èkó dé mọ ògiri búlọ́ọ̀kù yí ilẹ̀ baba rẹ̀ ká. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan la ilẹ̀ náà já, èyí tí àwọn obìnrin ń gbà lọ sí odò, tí àwọn ọmọ ilé kéú sì ń gbà wá. Nísinsìn yìí, ìyá arúgbó tí ó ru omi ní láti yí gba ẹ̀yìn oko kòkó. Ọkùnrin náà bi wá pé, “Ilẹ̀ baba mi ni. Ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni mo ṣẹ̀?” Ó gbà kí a sọ ọ́ láìdárúkọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe wo ojú ẹnìkejì rẹ̀.

Ìbéèrè gidi ni. Ẹni tí olè ti fọ́ ilé rẹ̀ rí kò lè sùn láìsí ògiri, ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe èké. Dúkìá mùsùlùmí ní ọ̀wọ̀: ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ ẹlòmíràn, bí kò tilẹ̀ ju ibi tí ọwọ́ kan lè bò lọ, Ànábì ti kìlọ̀ pé a ó so ilẹ̀ onípele méje mọ́ ọn lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ta ni ó ni ọ̀nà? Àtẹ̀pẹ́ lẹsẹ̀ ń tẹ ọ̀nà. Ẹsẹ̀ àwọn ìyá àgbà wa ni ó la èyí, baba tí ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un náà gba ibẹ̀ kọjá, kò dí i. Ilẹ̀ tí ọ̀nà wà lórí rẹ̀ ni ọmọ jogún.

Imam Mālik, ẹni tí a ń tọ ọ̀nà ìmọ̀ rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, mú ìtàn kan wá nínú Muwatta’. Ad-Dahhāk ọmọ Khalīfah fẹ́ la ojú omi gba inú ilẹ̀ Muhammad ọmọ Maslamah, ìyẹn kọ̀. Ẹjọ́ dé iwájú Umar. Umar bi í ìdí tí ó fi ń dínà ohun tí yóò ṣe arákùnrin rẹ̀ àti òun fúnra rẹ̀ láǹfààní, tí kò sì ní pa á lára. Ó tún kọ̀, ó búra. Umar náà búra pé omi yóò kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ orí ikùn rẹ̀ ni yóò gbà. Àwọn onímọ̀ kan gba ìdájọ́ yìí ní dandan, àwọn mìíràn kà á sí ìyànjú. A kò ní fi èyí pamọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ojú omi tuntun ni ti Ad-Dahhāk. Ọ̀nà tiwa ti wà kí a tó bí ẹni tí ó dí i. Bí Umar bá le koko tó bẹ́ẹ̀ lórí èyí tí kò tíì sí, kí ni kí á wá sọ nípa èyí tí ó ti wà?

Nítorí náà, a sọ fún un pé kí ó ní ògiri rẹ̀, kí ó sún un sẹ́yìn, kí ó fi ọ̀nà sílẹ̀. Ànábì fi ìgbọ̀nwọ́ méje lélẹ̀ nígbà tí àríyànjiyàn bá wáyé lórí ọ̀nà: ibi tí ẹni méjì tí ó ru ẹrù lè ti pàdé láìfara kan ara wọn. Ó ní òun yóò rò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ kò kúrò nílé rí, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ta ni ń gba àárín ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kọjá nítorí pé ọ̀nà ní ẹrẹ̀? Ta ni ń yàgbẹ́ sí ojú ọ̀nà, ohun tí Ànábì kà mọ́ àwọn tí ń fa ègún? Bí ó bá ṣe pé a ṣì lè pàtẹ iṣu sẹ́bàá ọ̀nà, kí òkúta wẹ́wẹ́ máa sọ iye rẹ̀, kí olóko sì bá owó níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ bíi ti àtijọ́, bóyá ọkùnrin yìí kì bá tí ronú ògiri.

Ẹ mọ̀ ìtàn ẹni tí Ọlọ́hun forí jì nítorí ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún kan tí ó mú kúrò lọ́nà. Òjò ti mú kí igbó bo ọ̀nà odò. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, a ó pàdé níwájú mọ́ṣáláṣí yìí pẹ̀lú àdá àti ọkọ́. A ti pe ọkùnrin tí ó mọ ògiri náà. Ó ní òun yóò bá wa ro ó dé ibi tí ògiri ti bẹ̀rẹ̀.