Etí Dídí Nínú Ilé



 Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò kéré lójú, ṣùgbọ́n ó ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé wa. Òun ni hẹ́dífóònù tí ń pa ariwo, tí àwọn ọmọ wa, àti àwọn àgbà míràn, ń dé sí etí láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọlé títí oorun yóò fi gbé wọn lọ. Ìbéèrè wa ni pé: ǹjẹ́ ẹni tó wà nínú ilé lẹ́tọ̀ọ́ láti má gbọ́ ará ilé?

Ẹ̀rọ yìí yàtọ̀ sí òwú tí a fi ń di etí. Makirofóònù kékeré wà lára rẹ̀ tó ń gbọ́ ariwo ìta. Ẹ̀rọ inú rẹ̀ á sì ṣe ohùn míràn tó jẹ́ òdì-kejì rẹ̀. Bí ìgbì ariwo bá ń lọ sókè, tirẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, méjèèjì á sì pa ara wọn. Ní 1978, inú bàálù ni Amar Bose, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀, nítorí pé ariwo ẹ́ńjìnì kò jẹ́ kó gbádùn orin. Ní 1989 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ tà á fún àwọn awakọ̀ òfúrufú. Ariwo tó ń lọ gbọrọ láìdúró ló mọ̀ ọ́n pa jù: ẹ́ńjìnì, fáànù, jẹnẹrétọ̀. Ohùn ènìyàn a máa yọ wọlé díẹ̀, àfi bí orin bá bò ó mọ́lẹ̀.

A kò ní sọ pé ẹ̀rọ yìí burú. Nínú ilé tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé ní Sábóngàrí, yàrá kọjú sí yàrá, jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin ń ké lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì tó ti iṣẹ́ òru dé, ọmọ tó ń múra sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB, níbo ni kí wọ́n ti rí ìdákẹ́jẹ́? Hàdíìsì kọ́ wa pé ara ẹni lẹ́tọ̀ọ́ lórí ẹni. Ó sì sàn kí ènìyàn dé nǹkan sí etí ju kó yí rédíò sókè láti fi borí ti aládùúgbò. Àwọn àgbà náà wí pé bí etí kò bá gbọ́ yinkin, inú kì í bàjẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà tó fún ara lẹ́tọ̀ọ́ fún ará ilé lẹ́tọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ẹni tó bá kí wa ní sàlámù, dandan ni ká dá a lóhùn. Àlùkùránì kọ̀ fún wa láti pòṣé sí òbí. Ẹni tí ìyá rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbọ́ ńkọ́? A rántí àwọn ènìyàn Ànábì Nûhù, tí wọ́n ti ìka bọ etí kí wọ́n má baà gbọ́ ìkìlọ̀. A kò fi ọmọ tó ń sinmi wé wọn o. Ohun tí à ń sá fún ló ṣe pàtàkì: ṣé ariwo ni, àbí ènìyàn? Jẹnẹrétọ̀ kì í bínú pé a kò gbọ́ òun.

Èyí tó kan àwa àtìpó jù rèé. Àwọn ọmọ wa ń sọ Haúsá ní títì, wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé. Inú ilé nìkan ni Yorùbá kù sí. Ẹnikẹ́ni kì í pè wọ́n jókòó kọ́ ọ; wọ́n ń gbọ́ ọ ni: bí bàbá ṣe ń parí ìjà láàrin àlejò méjì, bí ìyá ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, oríkì tí ìyá àgbà ń kì lówùúrọ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí etí bá dí nílé, níbo la ó ti kó o? Bẹ́ẹ̀ náà ni, bí àtìpó bá ké lóru, aládùúgbò ló ń kọ́kọ́ dé, kì í ṣe ẹbí tó wà ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà.

Kí àwa òbí náà yẹ ara wa wò. Luqmán gba ọmọ rẹ̀ níyànjú pé kó rẹ ohùn sílẹ̀. Bó bá jẹ́ igbe wa àti tẹlifíṣọ̀n wa ni ọmọ ń sá fún, ká má dá ọmọ lẹ́jọ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹni tó fẹ́ dé e sọ fún ará ilé, kí wọ́n mọ ìgbà tí yóò ṣí i. Kó ṣí etí kan sílẹ̀ bí ọmọ kékeré tàbí aláìsàn bá wà ní ìtọ́jú rẹ̀. Kó ṣí méjèèjì nígbà oúnjẹ, nígbà ìpè ìrun, àti nígbà tí àlejò bá wọlé. Kí àwa náà sì jẹ́ kí wákàtí tó bèèrè jẹ́ tirẹ̀ ní tòótọ́.

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí a pe ara wa tì nínú ilé. Àmín.