OJÚ TÍ KÒ RÍ ARA RẸ̀

Nínú gbogbo ẹ̀yà ara tí Ẹlẹ́dàá fi jíǹkí ọmọ ènìyàn, bóyá ni ọ̀kan wà tí èdè Yorùbá gbé ẹrù lé lórí tó ojú. Iṣẹ́ tí ó di dandan fún ẹni ni à ń pè ní ojúṣe. Ẹni tí ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ kò ní ìwọ̀n ni olójúkòkòrò. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n, a ní ojú rẹ̀ là; ẹni tí ọgbọ́n rẹ̀ jinlẹ̀, a ní ó ní ojú inú. Ojú àánú sì ni a fi ń wo aláìní. Bí ọ̀rọ̀ bá di àríyànjiyàn, tí ẹnì kan gbọ́, tí ẹnì kejì rí, ẹ̀yìn ẹni tí ó rí ni àwọn àgbà máa ń wà. Wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀wò kò ju ọ̀kan lọ: bí ó bá jẹ́ pé ojú ni adájọ́, ta ni yóò dá ẹjọ́ ojú?

Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ èrò tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ méjì wò nínú èdè wa, èyíinì ni mọ̀ àti gbàgbọ́. Wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí a ṣe ń lo àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó jáde ni pé èyí tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ó tó sọ pé òun mọ̀. Èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, bí ó ti wù kí ẹni náà níyì tó, gbígbà ni ó gbà á, gbígbọ́ ni ó gbọ́ ọ, ìgbàgbọ́ ni. Bí a bá fi òdiwọ̀n yìí wọn ilé ìwé, púpọ̀ nínú ohun tí àwa olùkọ́ ń pè ní ìmọ̀ yóò bọ́ sí abẹ́ ìgbàgbọ́.

Ẹ̀kọ́ kan wà ní yunifásítì tí ó sọ ojú gan-an di ohun ìwádìí: ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìríran àti ìtọ́jú ojú. Yunifásítì Benin ni ó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní àwọn ọdún 1970; lónìí, Yunifásítì Ìlọrin náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Ọdún 6 gbáko ni akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí ó tó gba oyè. Yóò kọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, àti bí ó ṣe ń tẹ̀ nígbà tí ó bá gba inú awò kọjá. Yóò kọ́ bí a ṣe dá ẹyinjú, àìsàn tí ń bá a jà, àti oògùn tí ó yẹ ẹ́. Òfin 34 ti ọdún 1989 ni ó ṣètò bí a ṣe ń forúkọ irú àwọn onímọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Síbẹ̀, àwọn kan ṣì ń wò ó bí ẹ̀kọ́ títa awò ojú lásán, ohun tí ọmọ ń gbà nígbà tí ẹ̀kọ́ dókítà bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Èrò mi ni pé kò sí ẹ̀kọ́ tí ó sún mọ́ ìdí ìbéèrè wa bí èyí.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìmọ̀ yìí fi kọ́ ọmọ ènìyàn ni ìrẹ̀lẹ̀. Euclid àti Ptolemy, àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbàanì tí wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ̀wé, gbà pé ojú ni ó ń rán ìtànṣán jáde lọ bá ohun tí à ń wò. Ibn al-Haytham, tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní Cairo, ni ó fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wọlé tọ ojú wá. Kò yẹ kí orúkọ ọkùnrin yìí ṣe àjèjì ní ìlú bí Ìlọrin, tí a ti mọ̀ fún ìmọ̀ Lárúbáwá láti ìgbà pípẹ́. Ojú kì í ṣe ọba tí ń ránṣẹ́. Onílé tí ń gbàlejò ni. Inú rẹ̀ pàápàá ṣú biribiri fún àwọn dókítà títí Hermann von Helmholtz, ará Jámánì, fi gbé irinṣẹ́ tí a fi ń wo ẹ̀yìn inú ẹyinjú jáde ní ọdún 1851. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ẹlòmíràn ni ó ń di irinṣẹ́ náà mú síwájú ojú ẹni.

Ó dà bí ẹni pé àwọn baba wa ti fura sí èyí. Ọmọlójú ni wọ́n pe àárín dúdú ojú. Bí ẹ bá sún mọ́ ẹlòmíràn tí ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí ọmọ kékeré kan níbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín sì ni. Èdè Látìn ìgbàanì pè é ní ọmọbìnrin kékeré. Èdè Lárúbáwá pè é ní ènìyàn inú ojú.

Ẹ jẹ́ kí á fi bàbá kan ṣe àpẹẹrẹ, tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí ó sì ń gbé ní GRA Ìlọrin, ní àdúgbò tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ọgbà gíga yí ilé ká. Láràárọ̀ ni ó ń ka ìwé ìròyìn, kò sì sí lẹ́tà tí ó ń fò. Ṣùgbọ́n ó ti ń fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ a dọ̀bálẹ̀ kí i láti ẹ̀gbẹ́, kò ní dáhùn. Ọmọ náà a rò pé Bàbá ń bínú. Bí ẹ bá bi í, yóò ní òun ríran. Kò purọ́. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó ń rí. Àìsàn tí à ń pè ní glaucoma ni ó ń pa iṣan tí ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ, ó sì sábà máa ń ti ẹ̀gbẹ́ jẹ ìríran wọ àárín. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í dunni. Kì í sì í fi òkùnkùn sílẹ̀ kí onítọ̀hún lè fura, nítorí pé ọpọlọ ń fi ohun tí ó wà nítòsí dí àlàfo náà. Bàbá dà bí ẹni tí ó jókòó sínú ọgbà ilé rẹ̀, tí ó rí gbogbo inú ọgbà, tí ó sì rò pé òun ti rí ìlú. Ẹni tí kò rí nǹkan kò rí i pé òun kò rí i.

Níbo ni a ó wá gbé òwe wa sí? Bàbá gbẹ́kẹ̀ lé àfojúbà, àfojúbà sì tàn án. Ọmọ ọdún 23 tí ó wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ ni ó rí òtítọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun igi, kò lè rí i. Níbí, ọmọdé ni ó jókòó, òun náà ni ó rí i. Ohun tí yóò sì bẹ Bàbá ni pé kí ó máa kán oògùn sójú lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Oògùn náà kò ní mú kí ó ríran ju ti àná lọ, nítorí pé ìríran tí ó ti lọ kì í padà. Ṣíṣọ́ ni yóò máa ṣọ́ èyí tí ó kù. Ó lè ta á lójú, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ̀rí wo ni Bàbá ní? Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé. Ìgbàgbọ́ ni à ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ìmọ̀.

Ẹ fi èyí wé iṣẹ́ àwọn tí ń kiri ìlú, tí ń fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó ti kàtáráàtì, ìyẹn awò inú ojú tí ó ti di funfun, sí ìsàlẹ̀ inú ẹyinjú. Ní wàràǹṣeṣà, ẹni tí kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ lánàá lè ka ìka tí a nà sí i. Àfojúbà dé! Yóò sanwó, yóò dúpẹ́, yóò jẹ́rìí fún aládùúgbò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí oníṣẹ́ náà bá ti kọjá lọ sí ìlú mìíràn ni ojú ń bàjẹ́. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú àwọn ojú tí a ti ṣiṣẹ́ lé lórí nítorí kàtáráàtì, ó lé ní 40 nínú 100 tí ó jẹ́ pé ọ̀nà yìí ni a gbà ṣe é. Ìwádìí kan náà rí i pé nínú àwọn tí ó ti pé ẹni 40 ọdún sókè, nǹkan bí 4 nínú 100 ni ó fọ́jú, bẹ́ẹ̀ ni 84 nínú 100 ìfọ́jú wọn jẹ́ èyí tí a lè dènà tàbí tí a lè wò. Ṣé òmùgọ̀ ni àwọn tí wọ́n lọ síbẹ̀? Rárá o. Òwe wa ni wọ́n tẹ̀ lé. Oníkiri náà fi nǹkan hàn wọ́n lójú, ó sì bá wọn nílé. Ilé ìwòsàn jìnnà, ọ̀rọ̀ etí ni ó sì ní fún wọn.

Títí dé ibí yìí, ó lè dà bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni ó mọ̀, tí aláìsàn sì gbọ́dọ̀ gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wọ yàrá àyẹ̀wò. Pátákó lẹ́tà wà lára ògiri, irú èyí tí Herman Snellen, ará Netherlands, gbé jáde ní ọdún 1862. Fún ẹni tí kò mọ̀wé, a máa ń lo èyí tí ó ní àmì kan ṣoṣo, tí a dojú rẹ̀ kọ òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì, kí ó lè fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ gbé awò kan síwájú ojú Bàbá. Ó yọ ọ́, ó gbé òmíràn síbẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ó hàn sí yín jù, ti àkọ́kọ́ ni tàbí ti èkejì?”

Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lè bá a dáhùn ìbéèrè yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ojú Bàbá, kò lè rí ohun tí Bàbá ń rí. Ó di dandan kí ó gbà, kí ó sì gbọ́. Ìgbàgbọ́ ni òun náà fi ń ṣiṣẹ́.

Kí ni Bàbá dáhùn? “Ó dáa, ọmọ mi.” Kò fẹ́ kí ọmọ náà rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò wu òun. Kò sì fẹ́ kí á rí i pé ojú òun ti rẹ̀yìn. Bóyá ó tilẹ̀ rò pé ìdánwò ni, pé ìdáhùn kan ni ó tọ̀nà, tí èkejì sì jẹ́ ìtìjú. “Ó dáa” yìí kì í ṣe irọ́. Ìkíni ni, ara ìwà ọmọlúàbí sì ni. Ṣùgbọ́n awò tí a bá fi ìkíni ṣe, inú àpótí ni yóò máa gbé.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ ti dé, pé kò sí ìdí láti máa bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ wà tí ń wọn bí ojú ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ láìjẹ́ pé Bàbá la ẹnu, òmíràn sì ń ya àwòrán ẹ̀yìn ẹyinjú. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ ni iye tí ẹ̀rọ bá sọ. Ẹni tí yóò wọ awò ni yóò sọ bí ó bá tù ú lójú. Ẹ̀rọ tí a sábà fi ń wá ibi tí glaucoma ti jẹ dé pàápàá, Bàbá ni yóò máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá rí ìmọ́lẹ̀ bíńtín. Ẹ̀rọ náà ń béèrè ni.

Àwọn mìíràn yóò ní kí á sọ fún Bàbá pé kí ó fi ọ̀wọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kí ó sọ òtítọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ àti ọ̀wọ̀ kì í ṣe orogún nínú ìwà ọmọlúàbí. Ẹni tí ó ń béèrè ni ó yẹ kí ó ru ẹrù náà, nítorí pé òun ni ó mọ ohun tí ó ń wá. Òun ni yóò sọ pé, “Bàbá, kò sí ìdáhùn tí ó ṣì níbí. Bí méjèèjì bá dọ́gba, ẹ ní wọ́n dọ́gba. Bí kò bá hàn, ẹ má fi pa mọ́ fún èmi ọmọ yín. Ohun tí mo fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.” Èdè tí Bàbá fi ń ronú ni kí ó fi sọ ọ́, ìbáà ṣe Yorùbá, Nupe, Fúlàní tàbí Bàrùbá, nítorí pé gbogbo wọn ni à ń sọ ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Bí ó bá ti sọ ọ́ tán, ọ̀wọ̀ gan-an ni yóò mú Bàbá sọ òtítọ́. Ìgbà tí a bá sì ti gba ọ̀rọ̀ Bàbá gbọ́ ni ó rọrùn jù fún un láti gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́ lórí oògùn tí kò ní fi nǹkan kan hàn án.

Èmi kò sọ pé kí á ju òwe wa nù. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ṣùgbọ́n ojú tí ó ń ṣàìsàn kò lè ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Ojú ẹlòmíràn ni yóò bá a rí i, etí ẹlòmíràn ni yóò sì bá a gbọ́ ohun tí kò hàn sóde. Ìbéèrè tí yóò jẹ mí lógún, bí ọmọ tèmi bá ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, kì í ṣe iye ìgbà tí yóò fi ka ìwé lórí ìmọ́lẹ̀. N óò fẹ́ mọ̀ bóyá, lẹ́yìn ọdún 6, ó ti kọ́ bí a ṣe ń bi àgbàlagbà léèrè ohun tí ó ń rí, kí ó sì dúró de èsì.