Ǹjẹ́ Ìwé Ni Í Sọ Ọmọ Di Ọmọ Ẹni?

Ọ̀ràn kan wà tí ó tọ́ kí àwa olùkọ́ àti katikíìsì ilẹ̀ Rẹ́mọ gbé yẹ̀wò pọ̀. Bí ẹnìkan láti òkè-òkun bá fẹ́ mú ọmọ kan láàrin wa lọ tọ́, ọ̀dọ̀ wa ni yóò kọ́kọ́ wá. Nítorí orúkọ ọmọ náà àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ ń bẹ nínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ àti ìwé ìrìbọmi. Ìbéèrè náà ni èyí: bí irọ́ kékeré kan nínú ìwé bá lè mú kí ọmọ òrukàn rí ilé rere, ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a kọ ọ́ ni, tàbí àánú?

Kì í ṣe àròsọ ni a ń sọ. Ní ìgbà kan, arábìnrin kan tí ń gbé ní Amẹ́ríkà tọ̀ wá wá ní Ṣàgámù. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ti kú, ìyàwó àbúrò náà sì ti kú pẹ̀lú. Ọmọbìnrin kan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ó bẹ̀ wá kí a kọ ìwé ìrìbọmi mìíràn, kí a fi orúkọ òun sí ibi tí orúkọ ìyá wà. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ mi kúkú ni. Ta ni ẹ ó rẹ́ jẹ bí ẹ bá kọ ọ́?" A kọ̀ fún un. Ó sunkún jáde nílé wa, ọmọ náà kò sì bá a lọ ní ọdún náà. Òru púpọ̀ ni a fi bi ara wa léèrè bóyá ìwé ni a fẹ́ràn ju ọmọ lọ.

Òtítọ́ ni pé àwọn bàbá wa kò lo ìwé. Ẹnìkan ní ń bí ọmọ, igba ènìyàn ní ń tọ́ ọ. Bí ọmọ òrukàn bá bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, gbogbo agbo-ilé ni ẹlẹ́rìí. Bí a bá fi ìyà jẹ ẹ́, àwọn àgbà yóò bá ẹni náà wí; bí ọ̀ràn ogún bá dé, àwọn tí ó mọ bàbá rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n agbo-ilé kì í bá ọmọ wọ ọkọ̀ òfúrufú. Níbi tí ọmọ náà ń lọ, ìwé nìkan ni yóò máa jẹ́rìí fún un.

Ẹ wo ọmọ tí ó lọ láìsí ẹlẹ́rìí. Ní ọdún 1848, àwọn ọmọ-ogun Dàhòmì kó ìlú Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa, wọ́n sì mú ọmọbìnrin kékeré kan tí ń jẹ́ Àìná. Ní 1850, Ọba Gezo fi í lé Kápítènì Forbes lọ́wọ́ láti mú un fún Ọbabìnrin Victoria, bí ẹni fi aṣọ ṣe ẹ̀bùn. A sọ ọ́ ní Sarah Forbes Bonetta. Bonetta ni orúkọ ọkọ̀ ojú-omi kápítènì náà. Ọbabìnrin ṣe é dáradára, ó sì bójútó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, orúkọ ọkọ̀ ni a fi pe ọmọ ènìyàn! Ọmọbìnrin tí ó gbé ìwọ́ kọ́ ọrùn wáyé ni à ń pè ní Àìná. Ìtàn ìbí rẹ̀ ń bẹ nínú orúkọ náà. Nígbà tí ó ṣe ìgbéyàwó ní Brighton ní 1862, Ina ni a kọ ṣáájú àwọn orúkọ ìyókù nínú ìwé. Orúkọ ilé kò tíì kú.

Nítorí irú èyí ni òfin fi ń rìn jẹ́jẹ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà ní ọdún 2003 pàṣẹ pé kí ẹni tí yóò gba ọmọ máa gbé ní ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọ náà; kí ó fi èrò rẹ̀ tó òṣìṣẹ́ ìjọba létí ní oṣù méjìlá ṣáájú; kí ọmọ náà sì ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Ìyà ni ọ̀pọ̀ ń pe èyí. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ta ọmọ tuntun bí ẹni ta obì. Ọlọ́pàá ti ká wọn mọ́ ibi iṣẹ́ náà ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa pàápàá. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, nítorí ọmọ títà àti ìwé tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé, ìjọba Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀kùn ìsọdọmọ láti Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ ni irọ́ aláàánú ṣe ń dàpọ̀ mọ́ irọ́ oníṣòwò ọmọ, tí a kò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì mọ́. Ọmọ tí ọ̀ràn tirẹ̀ mọ́ ni ilẹ̀kùn sì tì mọ́.

Òtítọ́ tí a kò parí pẹ̀lú kò tó. Àwọn kan rò pé bí adájọ́ bá ti fọwọ́ sí i, tí ọkọ̀ sì gúnlẹ̀, iṣẹ́ ti tán. Ní Amẹ́ríkà nígbà kan rí, olùgbà ọmọ ní láti tọrọ lọ́tọ̀ kí ọmọ náà tó di ọmọ ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ kò sì ṣe é. Òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2001 tún ọ̀nà náà ṣe fún àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n kò kan àwọn tí ó ti pé ọdún 18. Ọkùnrin kan wà tí a mú wá láti Korea ní 1979, ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ó ṣẹ̀ sí òfin, ó sì jẹ ìyà rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà nínú ìwé, ilé rẹ̀ ni ìbá padà sí. Ṣùgbọ́n ní 2016 a dá a padà sí Korea, ilẹ̀ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Arábìnrin wa padà wá. Ó gbé ní Ṣàgámù ju ọdún kan lọ, ó sì ṣe gbogbo ohun tí òfin wí. Nígbà tí òṣìṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Èkó bèèrè ìwé ọmọ náà, ìwé ìrìbọmi tí a kọ̀ láti yí padà wà nínú ohun tí ó mú lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n dé ọ̀hún, kò sinmi títí ó fi gba ìwé tí ó jẹ́rìí pé ọmọ náà ti di ọmọ ilẹ̀ náà. A kò sọ èyí láti yin ara wa. Ọdún tí ọmọ náà fi dúró kò lè padà, a sì mọ̀ pé àwa náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ìfẹ́ ni í sọ ọmọ di ọmọ ẹni, kì í ṣe ìwé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò lè tẹ̀lé ọmọ dé ibi gbogbo. Ìwé òtítọ́ a máa tẹ̀lé e. Ìlú mẹ́tàlá ni ó para pọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, síbẹ̀ Mákùn ń jẹ́ Mákùn, Òfin sì ń jẹ́ Òfin títí di òní. Ọmọ pẹ̀lú lè wọ ilé tuntun láìsọ ti àtijọ́ nù. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ orúkọ náà bí ó ti rí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mọ orúkọ àwọn tí ó bí yín dájú, kí ẹ sì lè kọ ọ́ fúnra yín.