Ilé Tí Akíkà Ń Wá

Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ wá lọ́kàn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, à ń pàlọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Ajégúnlẹ̀. Àdán, Ìjàpá àti akíkà, ẹranko tí ìpẹ́ bo ara rẹ̀ bí ẹja, ni àlọ́ náà dá lé. Wọ́n ní ìrísí wọn kò bá ti ẹranko mìíràn mu, wọ́n lé wọn kúrò nínú igbó. Wọ́n rìn títí wọ́n fi rí ilé tí ẹnikẹ́ni kò ti lè pa wọ́n lára. Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Àfi ọ̀kan, tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù. Ó ní, “Ìyá àgbà, bàbá mi ní àpò ni wọ́n kó ìpẹ́ akíkà sí ní Àpápá. Ṣé inú àpò ni ilé tí ẹ̀ ń sọ?”

Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, àwọn aṣọ́bodè dá kọ̀ǹtéénà kan tó ń lọ sí Vietnam dúró ní Àpápá. Ìwé rẹ̀ ní ohun èlò àga àti tábìlì ni. Ìpẹ́ akíkà, eyín erin àti egungun kìnnìún ni wọ́n bá níbẹ̀, ó lé ní tọ́ọ̀nù 8.

Akíkà kò ní eyín. Èèrà àti ikán ló ń jẹ. Ọmọ kan ṣoṣo ló sábà ń bí lẹ́ẹ̀kan, ìrù ni ìyá sì fi ń gbé e kiri. Bí ẹ̀rù bá bà á, á ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, kìnnìún á ṣe é tì. Ènìyàn á kàn bẹ̀rẹ̀, á gbé e.

Ǹjẹ́ irọ́ ni a wá pa fún àwọn ọmọ? A ti ṣe olùkọ́ pẹ́, a kò fẹ́ràn kí a fi irọ́ tu ọmọ nínú. Àwọn kan ní kí a yí ìparí àlọ́ náà padà, kí ọmọ tètè mọ ayé. A rò ó, a kò gbà. Ọmọ tí kò gbọ́ rí pé ó yẹ kí akíkà ní ilé, báwo ni ti inú àpò yóò ṣe dùn ún? Kì í ṣe àlọ́ ló kù díẹ̀ káàtó, àwa àgbà ni. Àwa fúnra wa ti jẹ ẹran akíkà rí ní abúlé, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Kò sí Vietnam nínú ìyẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì a jẹ́wọ́ fún ọmọ náà. Ó wò wá fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ìyá àgbà, ẹ tún àlọ́ yẹn pa.”