Ohun Tí Etí Ò Gbọ́

Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè kan: bí wọ́n bá mú ohun tí etí yín ò lè gbọ́ kúrò nínú orin, ṣé wọ́n jà yín lólè ni?

Lọ́dún tó kọjá, mo ra ẹ̀rọ orin kékeré kan tó ń wọ àpò. Àlòkù ni. Kò gba síìmù, kò ní WhatsApp, orin nìkan ló mọ̀. Ohun tó mú mi rà á ni pé ó ń lo fáìlì FLAC. Àwọn ọ̀rẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ṣebí fóònù ẹ náà ń lò ó, kí lo tún ń gbé ẹrù kiri sí? Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí ló tú ọ̀rọ̀ kan tó ti wà nílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́.

Nínú CD, ìgbà 44,100 ni wọ́n ń wọn ohùn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Orin ìṣẹ́jú kan á gba bíi mẹ́gábáìtì 10. Ó pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn. Ni àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì, tí Karlheinz Brandenburg wà lára wọn, bá jókòó ti ọ̀rọ̀ etí ọmọ ènìyàn. Wọ́n lo ohun kan tí wọ́n mọ̀ nípa etí: bí ohùn ńlá bá ń dún, etí kì í gbọ́ ohùn kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí ló wá dé tá a fi ń tọ́jú ohun tẹ́nìkan ò gbọ́? Wọ́n jù ú nù. Ohun tó ṣẹ́kù là ń pè ní MP3; ọdún 1995 ni wọ́n mú orúkọ yẹn fún fáìlì rẹ̀. MP3 tó wà ní 128 kbps ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tó wà nínú CD.

FLAC, tí Josh Coalson gbé jáde lọ́dún 2001, ń ṣe tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ń ká orin bí a ṣe ń ká agbádá sínú báàgì. Á kéré dé bí ìdajì, tàbí kó lé díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú u, kò sí òwú kan tó já. MP3 ní tiẹ̀, èlùbọ́ ni. Àmàlà dùn, mi ò bá a jà, àmọ́ èlùbọ́ ò ní padà di iṣu láéláé. Àyè ni FLAC fi ń gbẹ̀san. iPod àkọ́kọ́, tó jáde lọ́dún 2001 kan náà, gígábáìtì 5 ni. Apple ní ó gba ẹgbẹ̀rún orin. Ká ní ó tiẹ̀ lè lo FLAC, agbára káká ni kó fi gba igba.

Ṣé ìyàtọ̀ wà létí? Mo dán ara mi wò. Mo ní kí àbúrò mi máa yí FLAC àti MP3 320 kbps orin kan náà fún mi láìjẹ́ kí n mọ èwo ni èwo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá la ṣe é. Márùn-ún ni mo gbà. Ká ní mo kàn ń ta kọ́bọ̀ sókè tí mo fi ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ náà ló máa rí. Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá ń fọ́nnu fún yín pé òun ń gbọ́ ìyàtọ̀ nínú danfo láti Ojúẹlẹ́gbà dé CMS, ẹ ṣáà máa wò ó. Ọ̀pọ̀ earpiece Bluetooth ló tiẹ̀ tún ń gé nínú orin náà kó tó dé etí.

Ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti kásẹ́ẹ̀tì bàbá àgbà.

Níbi ìsìnkú ìyá wọn ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀. Obìnrin onírárà kan ń ki ìdílé wa, ìyáàlù ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́dún 2012, èmi tí wọ́n ní mo mọ kọ̀ǹpútà ni wọ́n gbé e fún pé kí n sọ ọ́ di ti fóònù. Káàdì mi ò ju gígábáìtì 2 lọ, ó sì ti fẹ́ẹ̀ kún. Mo yan 32 kbps. Mo gbọ́ ohùn obìnrin náà ketekete, mo ní ó ti dáa. Kásẹ́ẹ̀tì wà nínú páálí lábẹ́ àtẹ̀gùn. Òjò wọlé, ó bàjẹ́.

Nígbà tí mo ra ẹ̀rọ yìí, mo fi earpiece sí etí ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Ìbàdàn, kí wọ́n gbọ́ oríkì ilé wọn. Wọ́n mi orí títí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni ìlù yẹn ń wí lẹ́yìn un?" Mo gbà á, mo yí ohùn sókè. Ó ń dún bí ẹni ń fọ abọ́ nínú omi. Ṣé kásẹ́ẹ̀tì ló ti gbó ni, àbí èmi ni mo gé e? Mi ò lè mọ̀. Ohun tí mo máa fi wé e ti lọ.

Nínú ìpàdé ẹbí, ẹni tó ń pariwo la máa ń gbọ́. Ìyàwó kékeré tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, akọ̀wé kì í kọ tiẹ̀ sílẹ̀. Akọ̀wé ò purọ́ o. Gbogbo ohun tó kọ, wọ́n sọ ọ́. Àmọ́ tó bá di ogún ọdún, tẹ́nìkan wá béèrè ohun tí ìyàwó yẹn sọ ńkọ́? Etí tí wọ́n fi ṣe MP3, etí ẹni tó ń gbádùn orin ni. Kì í ṣe etí obìnrin tó ń wá orúkọ ìyá rẹ̀ àgbà nínú ìlù. Ìlù ò sì ní ju ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lọ tó fi ń sọ̀rọ̀. Bí díẹ̀ bá sọnù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní mò ń sọ ọ́ di bàbàrà: kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ò gbọ́ tán, kò gba òórùn ìrẹsì tó ń jóná lọ́jọ́ náà. Ó tọ̀nà. Síbẹ̀, pé ogún dé ọwọ́ mi láìpé kò fún mi láṣẹ láti tún bù nínú ẹ̀. Orin tí mo fẹ́ fi rìn lọ síbi iṣẹ́, mo lè gé e bó ṣe wù mí, èmi nìkan ni mo ń gbọ́ ọ. Èyí tí wọ́n ní kí n bá àwọn tó ń bọ̀ tọ́jú, mi ò mọ ìbéèrè tí wọ́n máa bi í.

Ìbátan mi kan tiẹ̀ gbé fáìlì 32 kbps yẹn, ó sọ ọ́ di FLAC, ó jù ú sórí WhatsApp ẹbí: "Original rèé o!" Fáìlì ti wú bíi búrẹ́dì. Gbogbo wọn ní ó ti mọ́ sí i, àwọn kan ṣàdúrà fún un. FLAC ò ṣẹ̀ ní tiẹ̀. Omi ìfọbọ́ ni wọ́n fún un, ó sì tọ́jú rẹ̀ pérépéré. Mo kọ òótọ́ ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní ìlara ni.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ bá Ìyá Ìbàdàn, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n rántí pé ìlù náà wí. Wọ́n rántí gbólóhùn mẹ́ta. Ìkẹrin ò wá sí wọn lẹ́nu, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ lu itan. Mo gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní FLAC. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń hó lẹ́yìn, adìyẹ kan náà dá sí i. Mi ò yọ wọ́n.